Akúdàáyà tó ń wá ìwé kà: mo ti wo Ascendance of a Bookworm tán o

Ẹ má bínú o, isekai, ìyẹn àwọn eré àwòrán ilẹ̀ Japan (ánímè) tẹ́nì kan ti ń bọ́ sáyé mìíràn, ti sú mi tipẹ́. Tẹ́ ẹ bá ti wo mẹ́ta, ẹ ti wo gbogbo ẹ̀ nìyẹn: bọ̀bọ́ kan tí ò níṣẹ́ tí ò lábọ̀ á jáde nílé, tírélà á gbá a, á kú, á lajú sáyé mìíràn, òòṣà kan á ti dúró dè é pẹ̀lú agbára ọ̀fẹ́, kó tó di apá kejì ó ti ń pa dírágónì, ọmọge mẹ́rin ti ń jà lé e lórí. Àwa tá a sì mọ ohun tójú ń rí lọ́wọ́ tírélà níbí, a ò tiẹ̀ lè fi ṣẹ̀rín. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé nígbà tí àbúrò mi ní "Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ wo Ascendance of a Bookworm, iṣẹ́ yín ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀", mo ní kó jẹ́ n sinmi jàre.

Iṣẹ́ ìtẹ̀wé ni mò ń ṣe ní Ṣómólú. Ẹni tó bá mọ Ṣómólú á mọ̀ pé bébà là ń jẹ, bébà là ń mu. Lọ́jọ́ kan iná lọ, kò sépo nínú jẹnẹrétọ̀, gbogbo ẹ̀rọ dákẹ́, mo bá ní kí n fi apá kan péré pa ìrònú rẹ́ lórí fóònù. Apá mẹ́ta ni mo wò kíná tó dé, nígbà tó sì dé mo ṣe bí ẹni tí ò rí i.

Ìtàn ẹ̀ rèé. Ọmọbìnrin kan ní Japan, Urano lorúkọ ẹ̀, ìwé layé ẹ̀, ó ku díẹ̀ kó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láìbìrì ni ilẹ̀ mì tìtì, ìwé tó tò jọ sílé wó lù ú, ó kú (ó ṣáà yàtọ̀ sí tírélà). Ló bá jí sínú ara ọmọ ọdún márùn-ún kan tó ń jẹ́ Myne. Ṣọ́jà tó ń ṣọ́ ẹnubodè ìlú ni bàbá ẹ̀, aláró nìyá ẹ̀, kò sówó, ilé dọ̀tí, orí ń yún un, gbogbo ìyẹn ò sì dùn ún tó pé kò síwèé. Ó béèrè ìwé lọ́wọ́ Tuuli ẹ̀gbọ́n ẹ̀, Tuuli ní kí ló ń jẹ́ ìwé. Ìwé wà láyé yẹn o, awọ ni wọ́n fi ń ṣe é, àwọn ọlọ́lá nìkan ló sì lówó ẹ̀. Agbára ọ̀fẹ́ ńkọ́? Àìsàn ni wọ́n fún un. Ó rìn díẹ̀, ibà ti gbé e dè.

Ó bá ní tí ò bá síwèé òun máa ṣe é. Ó kọ́kọ́ ń hun koríko bíi tàwọn ará Íjíbítì ìgbàanì, ó rẹ̀ ẹ́, kò jọ nǹkan kan. Ó fi amọ̀ ṣe wàláà kéékèèké, àwọn ọmọ àdúgbò tẹ̀ ẹ́ pa. Ó wá gé igi pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ, ó ha dúdú inú ààrò fi ṣe ohun ìkọ̀wé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìtàn sí i. Ibẹ̀ ni mo ti bá ara mi nílé kéwú, èmi pẹ̀lú wàláà mi àti tàdáwà tó máa ń ta sí mi láṣọ, a kà á tán a fọ̀ ọ́ dànù. Àfi bí ìyá Myne ṣe kó gbogbo igi yẹn síná, ó rò pé igi ìdáná ni! Inú dánfó ni mo wà, mo kígbe "yéè", obìnrin tó jókòó tì mí ní ṣé kò sí o, mo ní mà, wọ́n ti fi ìwé ọmọ dáná ni. Kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ títí a fi dé Oyíńgbò.

Ìgbà tí wọ́n wá dé orí bébà gan-an, èmi tí mo ti ń já rímù látìgbà ìkọ́ṣẹ́, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, mi ò ronú rí nípa ibi tó ti ń wá. Wọ́n á fi ooru omi se igi, wọ́n á bó èèpo ẹ̀, wọ́n á rẹ ẹ́ sódò, wọ́n á ha dúdú ẹ̀yìn ẹ̀ kúrò, wọ́n á fi eérú sè é (bí àwọn ìyá wa ṣe ń fi eérú ṣe ọṣẹ dúdú), wọ́n á gbé e padà sódò, wọ́n á lù ú títí á fi rọ̀ bí òwú, wọ́n á pò ó mọ́ omi pẹ̀lú nǹkan tó ń yọ̀ bí ilá, wọ́n á fi asẹ́ gbé e jáde, wọ́n á tẹ̀ ẹ́, wọ́n á sá a sórí pákó. Myne ló mọ gbogbo ẹ̀ lórí, àmọ́ kò lè gbé ìkòkò. Lutz ọmọ ilé kejì ló ń fọwọ́ ṣe é, ọwọ́ ẹ̀ pọ́n lódò, ó ń kùn, ó ń ṣe é lọ. Mo rí ọ̀gá mi àtijọ́ àti èmi níbẹ̀, ọ̀gá ń sọ, ọmọ iṣẹ́ ń làágùn.

Benno oníṣòwò tó ra ọgbọ́n ṣáńpù lọ́wọ́ Myne, ẹni yẹn ló ń pa mí lẹ́rìn-ín jù. Ìdúnàádúrà wọn gba nǹkan bí ìdajì apá kan, kò sì sú mi.

Èyí tó wá gún mi lọ́kàn ni ọjọ́ tí Lutz bi í léèrè pé ta ni ẹ́, Myne tèmi dà. Akúdàáyà la máa pe irú ẹ̀ níbí, bó tiẹ̀ jẹ́ pé akúdàáyà tiwa ara ẹ̀ ló ń gbé kiri, ó kú síbí, ó lọ ń ṣòwò níbòmíì, ó tún fẹ́yàwó. Myne kò purọ́, ó ní ibà ti pa ìyẹn, tí Lutz bá fẹ́ kóun lọ òun á lọ. Tiwa, ará ilé bá ti rí i báyìí, ó ti poora nìyẹn. Lutz rí i tán, ó ní kó dúró. Mo dá a dúró lórí fóònù, mo jáde lọ mumi.

Àléébù ẹ̀ kò kéré o. Ó ń falẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ràn ìjà kó má wulẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Àwòrán ẹ̀ náà ò jojú ní gbèsè, ilé iṣẹ́ Ajia-do tó ṣe é dà bí ẹni ń ṣọ́wó ná, nígbà míì ẹnu nìkan ló ń mì. Apá 14 ló jáde ní 2019, 12 ní 2020, 10 ní 2022, ibi tí apá 36 yẹn parí sí, ńṣe ló dà bíi kí wọ́n gbàwo oúnjẹ lọ́wọ́ ẹni. Orí Crunchyroll, ìkànnì tí wọ́n ti ń wo ánímè, ni mo ti wò ó, ó sì jẹ dátà mi bí ikán.

Miya Kazuki tó ni ìtàn ọ̀hún, orí íntánẹ́ẹ̀tì ló ti kọ́kọ́ ń kọ ọ́ láti 2013, àbúrò mi wá ní kí n lọ ka ìwé ẹ̀, mo béèrè pé mélòó ni, ó ní 33. Mo ti ra àkọ́kọ́ ṣá.

Mẹ́jọ nínú mẹ́wàá ni mo fún un. Ì bá jẹ́ mẹ́sàn-án, ìyá yẹn ló fi kan dáná.