Ìyẹ̀fun Pseudomonas fún ọmọ tòmátì: oògùn gidi, ìsọ̀ burúkú

Wọ́n lẹ bébà iye owó mọ́ orí ọjọ́ tí agbára oògùn náà yóò tán. Mo fi èékánná họ ọ́ kúrò: ọjọ́ ti kọjá. Ojú fèrèsé onígíláàsì ni àpò náà sì wà, tí oòrùn ọ̀sán ń pa á. Èsì ọmọ tó ń tajà? "Ẹ̀gbọ́n, ìyẹ̀fun ni, kì í bàjẹ́."

Irọ́ funfun! Bakitéríà alààyè tó ń dáàbò bo ọmọ tòmátì lọ́wọ́ àrùn ló wà nínú rẹ̀, Pseudomonas fluorescens lorúkọ rẹ̀. Bacillus, bakitéríà mìíràn, ló máa ń fi èèpo líle bo ara, tó fi lè fara da ooru; Pseudomonas kò ní irú èèpo bẹ́ẹ̀. Tó bá ti kú sínú àpò, páúdà lásán lẹ rà. Ọmọ yìí tún ní kí n pò ó mọ́ oògùn kọ́pà kó lè lágbára sí i. Kọ́pà tó ń pa bakitéríà!

Mo pe nọ́ńbà fóònù tó wà lẹ́yìn àpò. Obìnrin tó gbé e ní kí n ka nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sí ìdí àpò, ó sì pàṣẹ fún ọmọ náà kó mú tuntun wá láti inú kúlà ẹ̀yìn. Kó tó gbé fóònù sílẹ̀, ó ní: "Sà, irú omi wo lẹ fẹ́ lò? Tó bá jẹ́ omi ẹ̀rọ ìjọba, ẹ gbé e kalẹ̀ láìdé di ọjọ́ kejì kí klorínì tó ń pa bakitéríà lè fò lọ." Ẹni yìí mọ iṣẹ́.

Gíráàmù 10 sí kílò irúgbìn kan ni wọ́n kọ sára àpò. Ta ló ń ra kílò irúgbìn tòmátì? Gíráàmù 1 péré ni fún irúgbìn gíráàmù 100, wọn ò sì fi ṣíbí kankan sí i. Ẹ wọ́n omi díẹ̀ sí irúgbìn kí ìyẹ̀fun lè lẹ̀ mọ́ ọn, ẹ sá a síbi ibòji, ẹ gbìn ín lọ́jọ́ yẹn kan náà. Fún ilẹ̀ oko, kílò 2.5 sí hẹ́kítà kan, pẹ̀lú kílò 50 ìgbẹ́ màlúù tó ti jẹrà dáadáa. Ìgbẹ́ adìẹ tútù tó ṣì ń gbóná yóò pa á.

Ó ṣiṣẹ́ o. Lórí bẹ́ẹ̀dì tó rí i, ọmọ tòmátì tí ọrùn wọn rà lójú ilẹ̀ kò tó nǹkan. Bẹ́ẹ̀dì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tí kò rí i pá káàkiri. Bakitéríà yìí máa ń tètè gba ara gbòǹgbò, á kó èròjà irin inú ilẹ̀ jọ sọ́dọ̀, àìrí irin á wá dá Fusarium àti Rhizoctonia, àwọn èbu inú ilẹ̀ tó ń fa àrùn, lágara. Àmọ́ èyí tó ti rọ kò jí padà. Ààbò nìkan ló ń ṣe, lẹ́tà tín-ín-tín ni wọ́n sì fi kọ ìyẹn.

Ìràwọ̀ 2 nínú 5. Mo ti ní kí obìnrin yẹn bá mi fi kílò 3 pamọ́ sínú kúlà fún ọ̀gbìn tó ń bọ̀.