phpMyAdmin lọ́wọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìtọ́jú dátábéèsì

Nínú àwọn irinṣẹ́ tí mo ń rí lọ́wọ́ àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ́ iṣẹ́ wẹ́ẹ́bùsáìtì ní Òṣogbo, phpMyAdmin ni mo gbà pé ó yẹ kí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú dátábéèsì (ibi tí sáìtì ń kó ìsọfúnni rẹ̀ pamọ́ sí), bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ní ibi tí ó ti lè ṣi olùbẹ̀rẹ̀ lọ́nà. Láti ọdún 1998 ni ó ti wà, ọ̀fẹ́ ni, inú bíráúsà ni a sì ti ń fi í tọ́jú MySQL àti MariaDB, àwọn ètò tó ń ṣiṣẹ́ dátábéèsì. Ẹni tó bá ti gbé XAMPP (àkópọ̀ ètò tí a fi ń dán sáìtì wò lórí kọ̀ǹpútà ẹni) sórí kọ̀ǹpútà rẹ̀ ti ní in tán, nítorí pé inú rẹ̀ ni wọ́n kó o sí, bí a bá sì ti gbà á sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kò tún nílò íntánẹ́ẹ̀tì mọ́ láti ṣiṣẹ́. Èyí kì í ṣe ohun kékeré fún akẹ́kọ̀ọ́ tó ń fi owó oúnjẹ ra dátà.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù lára rẹ̀ ni pé kì í fi iṣẹ́ rẹ̀ pamọ́. Ká ní ẹnì kan ń ṣe sáìtì fún oníṣòwò àdìrẹ ní ìlú aró yìí, tí ó ṣí àtẹ (table) kan fún orúkọ àwọn oníbàárà, tí ó sì fi òpó (column) kún un fún nọ́ńbà fóònù, bí ó bá ti tẹ bọ́tìnnì tán ni àṣẹ SQL (èdè tí a fi ń bá dátábéèsì sọ̀rọ̀) tí phpMyAdmin bá a kọ yóò hàn lójú ìwé náà. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ń ka àwọn àṣẹ wọ̀nyí, tí ó sì ń fọwọ́ ara rẹ̀ tún wọn kọ, kò ní pẹ́ mọ̀ wọ́n. Èyí tó bá ń tẹ bọ́tìnnì lásán, ibi tí bọ́tìnnì wà nìkan ni yóò mọ̀. Mo fẹ́ kí àwọn olùkọ́ túbọ̀ máa tọ́ka sí "Simulate query", tí ó máa ń sọ iye ìlà tí àṣẹ UPDATE (àyípadà) tàbí DELETE (ìparẹ́) yóò kàn kí ó tó ṣẹlẹ̀ rárá. Ẹni tó bá gbàgbé láti fi WHERE, ọ̀rọ̀ tó ń yan ìlà tí àṣẹ yóò kàn, sí DELETE rẹ̀ yóò ti ibẹ̀ rí i pé gbogbo oníbàárà pátá ni òun fẹ́ pa rẹ́.

Ibi tí àwa tó ń kọ Yorùbá ti gbọ́dọ̀ lajú ni àyè tí wọ́n kọ Collation sí, níbi tí a ti ń yan irú lẹ́tà tí dátábéèsì yóò gbà àti bí yóò ṣe máa fi wọ́n wé ara wọn. MySQL tó ṣáájú ẹ̀dà 8.0 ti ọdún 2018 máa ń mú latin1_swedish_ci fúnra rẹ̀ bí a kò bá yan nǹkan kan, torí pé ilé-iṣẹ́ Swídìn ló ṣe é, ta ni yóò sì ro ti ẹ, ọ àti ṣ wa níbẹ̀? Ọ̀pọ̀ dátábéèsì àtijọ́ ṣì wà lórí rẹ̀. Bí a bá tẹ "Òṣogbo" sínú irú wọn, yálà kí ó kọ̀ ọ́ tàbí kí ó tọ́jú "Ò?ogbo", "Ọ̀ṣun" yóò di "???un", lẹ́tà tó bá sì sọnù báyìí kò ṣeé dá padà. Kí a yan utf8mb4, tó ń gba gbogbo lẹ́tà wa. Àkójọ gígùn ni phpMyAdmin kàn gbé síwájú olùbẹ̀rẹ̀ láìsí àlàyé tó kún tó, mo sì ka èyí sí àbùkù rẹ̀ tó tóbi jù. Nínú utf8mb4 pàápàá, utf8mb4_unicode_ci kì í ka àmì ohùn àti àmì abẹ́ lẹ́tà sí, tí ó fi jẹ́ pé ẹni tó bá wá "Osogbo" yóò rí "Òṣogbo". Ó dára fún ìwákiri, ṣùgbọ́n bí a bá ṣòfin pé orúkọ ọjà kan kò gbọ́dọ̀ wọlé lẹ́ẹ̀mejì, ọlọ́jà tó ti kọ ọkọ́ sílẹ̀ kò ní lè kọ ọkọ̀ mọ́, àfi bí a bá yan utf8mb4_bin fún òpó yẹn.

Nítorí iná tó máa ń lọ lójijì, kí akẹ́kọ̀ọ́ rí i pé InnoDB, ọ̀kan lára àwọn ọ̀nà tí MySQL ń gbà tọ́jú àtẹ, ni àtẹ rẹ̀ ń lò, nítorí ó lè tún ara rẹ̀ ṣe lẹ́yìn irú ìdádúró bẹ́ẹ̀, MyISAM tó jẹ́ ọ̀nà mìíràn kò sì lè ṣe é. Bákan náà, root (orúkọ alábòójútó àgbà) inú XAMPP kò ní páásíwọ́ọ̀dù. Kò burú lórí kọ̀ǹpútà ẹni, ṣùgbọ́n kò yẹ sáìtì tó wà ní gbangba rárá.

Nígbà tí iṣẹ́ bá tó gbé lọ sórí ayélujára, Export yóò kó dátábéèsì jáde sínú fáìlì kan, Import yóò sì gbé e wọlé lọ́dọ̀ ẹni tó ń gba sáìtì náà sí. PHP, èdè tí wọ́n fi kọ phpMyAdmin, ló ń pinnu bí fáìlì náà ṣe lè tóbi tó, 2 MB sì ni bí ẹnikẹ́ni kò bá yí i padà. Bí tiwa bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, kí a fún un pọ̀ sínú zip tàbí gzip, nítorí phpMyAdmin máa ń ka méjèèjì. Bí kò bá tún wọlé, kí a ní kí wọ́n gbé upload_max_filesize àti post_max_size sókè fún wa.