Tíì ayọ́rá tí wọ́n ń tà lọ́jà Wàǹdó: adùn wà níbẹ̀, irọ́ náà wà níbẹ̀

Ká sọ tòótọ́, tíì yìí dùn. Atalẹ̀ rẹ̀ ń ta lẹ́nu, òórùn rẹ̀ á sì ti gba ilé kan kí omi tó hó tán. 3,500 fáráǹkì ni páálí kan. Ó wọ́n, ṣùgbọ́n ọmọbìnrin tó ń tà á mọ oníbàárà í tọ́jú: ó kúnlẹ̀ kí mi, ó ní kí Tantí jókòó, ó sì na ìwé inú páálí sí mi.

Ìwé yẹn ni ìjà mi. Wọ́n ní tíì náà ń ta jíìnì leptin (àṣẹ àbínibí tí sẹ́ẹ̀lì fi ń ṣe èròjà tó ń jẹ́ leptin) jí nínú sẹ́ẹ̀lì ọ̀rá, pé àìtó leptin ló ń mú wa sanra. Èmi tí mò ń kọ́ àwọn ọmọ kọlẹ́ẹ̀jì ní ìmọ̀ ohun abẹ̀mí l'Àjàṣẹ́ níbí! Láti 1994 tí Jeffrey Friedman àtàwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ti rí jíìnì náà ní New York la ti mọ̀ pé sẹ́ẹ̀lì ọ̀rá ló ń ṣe leptin, òun ló fi ń sọ fún ọpọlọ pé ọ̀rá ṣì wà ní ìpamọ́. Bí sẹ́ẹ̀lì bá ṣe ń kún sí i ni jíìnì ń ṣiṣẹ́ sí i. Ínsúlíìnì tó ń jáde lẹ́yìn oúnjẹ ń gbé e sókè, cortisol, tó máa ń pọ̀ nígbà wàhálà, náà ń gbé e sókè. Ẹni tó bá febi panú fún ọjọ́ mélòó kan, leptin rẹ̀ á já wálẹ̀ ṣáájú kí ọ̀rá rẹ̀ tó dín púpọ̀. Ẹni tó sanra bíi tèmi, leptin sábà máa ń pọ̀ lẹ́jẹ̀ rẹ̀. Ọpọlọ ni kì í fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ tirẹ̀ mọ́. Àwọn tí wọ́n bí láìní leptin wà, wọn ò pọ̀, abẹ́rẹ́ leptin la sì fi ń tọ́jú wọn. Adiponectin, tí sẹ́ẹ̀lì ọ̀rá náà ń ṣe, ló ń dín kù béèyàn ṣe ń sanra. Ìwé wọn ò dárúkọ rẹ̀ rárá.

Mo tú àpò tíì kan sórí àwo. Ewé asùnwọ̀n ló pọ̀ jù níbẹ̀, ẹ̀yin náà sì mọ ibi tí asùnwọ̀n ń lé èèyàn lọ. Òṣùwọ̀n sọ pé mo fúyẹ́ díẹ̀, àmọ́ síkẹ́ẹ̀tì mi ò tú.

Mo padà lọ bá ọmọbìnrin yẹn. Ó bú sẹ́rìn-ín.

"Tantí, ẹ má bínú, èmi kọ́ ni mo kọ ìwé o. Bí wọ́n ṣe dì í wá láti Kùtọnu ni mo ṣe ń tà á. Atalẹ̀ gbígbẹ tí ò níwèé wà, 500 ni."

Mo ra ìyẹn.