Lọ́yà fún òṣìṣẹ́ àtijọ́ nínú ẹjọ́ ìbanilórúkọjẹ́: ọ́fíìsì kan ní Àkúrẹ́

Orí tí a fi fọ́ àgbọn kì í jẹ níbẹ̀. Ọ̀gá ní kí akọ̀wé fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí àwọn oníbàárà lórí WhatsApp. Akọ̀wé ti fiṣẹ́ sílẹ̀ tipẹ́ kí ẹni tí wọ́n dárúkọ nínú ọ̀rọ̀ náà tó pẹjọ́, síbẹ̀ òun ni wọ́n kọ sílẹ̀ bí olùjẹ́jọ́ kejì. Irú ẹjọ́ yìí ni ọ́fíìsì kékeré kan lójú ọ̀nà Ọba Adésidà mọ̀ dunjú.

Wọn kì í ṣe lọ́yà fún ọ̀gá àti òṣìṣẹ́ pa pọ̀, ìdí pàtàkì tí a fi fẹ́ràn wọn nìyẹn. Bí lọ́yà ọ̀gá bá ní òun yóò gbà yín sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ rọra. Àṣẹ ọ̀gá nìkan kò wẹ òṣìṣẹ́ mọ́, àmọ́ òṣìṣẹ́ lè ní kí ọ̀gá ru ẹrù owó gbà-máà-bínú náà. Lọ́yà tí ọ̀gá ń sanwó fún kò ní sọ ìyẹn síta.

Ẹ kó ìwé ìpẹ̀jọ́ lọ, lẹ́tà ìgbaniṣíṣẹ́, lẹ́tà ìfiṣẹ́sílẹ̀, àti fóònù náà gan-an. Ẹ kọ ọjọ́ tí bélífù mú ìwé wá sílẹ̀: bí gbèdéke ìfèsì bá kọjá, ilé ẹjọ́ lè dájọ́ láìgbọ́ tẹnu yín. Ẹ má pa àtẹ̀ránṣẹ́ kankan rẹ́. Ẹ̀dà tí a tẹ̀ jáde láti inú fóònù nìkan kò tó. Abala 84 Òfin Ẹ̀rí ti 2011 ń béèrè ìwé ẹ̀rí nípa ẹ̀rọ tí ẹ̀dà náà ti jáde, ọ́fíìsì yìí sì máa ń bá yín kọ ọ́.

Ibi tí ọwọ́ wọn ti dán jù ni ọ̀rọ̀ Yorùbá. Bó bá jẹ́ Yorùbá ni wọ́n fi ba orúkọ jẹ́, olùpẹjọ́ gbọ́dọ̀ kọ ọ̀rọ̀ náà gan-an sínú ìwé rẹ̀, kó sì fi ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tì í. Ọ̀pọ̀ ń kọ Gẹ̀ẹ́sì nìkan. Akọ̀wé ọ́fíìsì yìí á ka àtẹ̀ránṣẹ́ sókè, á fàlà sábẹ́ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. “Ó jẹ wá lówó” kì í ṣe “ó jẹ owó wa”: gbèsè ni ti àkọ́kọ́, ìkówójẹ ni ìkejì. Ẹjọ́ lè dúró tàbí kó ṣubú lórí ìyàtọ̀ yẹn. Wọ́n tún máa ń béèrè ta ni ó ka ọ̀rọ̀ náà, nítorí ohun tí ẹlòmíràn kò rí kò ba ẹnikẹ́ni lórúkọ jẹ́.

Kùdìẹ̀-kudiẹ wọn: bí lọ́yà bá ti lọ sí kóòtù, kò sẹ́ni tó ń gbé fóònù. Èyí kò dára rárá, torí àgọ́ ọlọ́pàá ni ọ̀pọ̀ ọ̀gá àti olùpẹjọ́ máa ń kọ́kọ́ sáré lọ. Abala 32 Òfin Ọlọ́pàá ti 2020 kò gba kí wọ́n mú èèyàn nítorí ẹjọ́ aráàlú lásán, ṣùgbọ́n òfin ìwà ọ̀daràn ṣì ní ìbanilórúkọjẹ́ nínú, nítorí náà ẹ má dá lọ. Owó àtitẹ̀lé yín dé àgọ́ kò sí nínú owó ẹjọ́. Ẹ béèrè iye rẹ̀ kí ẹ tó san kọ́bọ̀, kí ẹ sì gba rìsíìtì tiẹ̀ lọ́tọ̀.