MGB àtijọ́: ọkọ̀ tó dáa jù fún kíkọ́ bí wọ́n ṣe ń gba kọ́nà

Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé ọkọ̀ eré àtijọ́ wo ló yẹ kí òun fi kọ́ eré sísá lórí pápá, MGB ni mo máa ní kó wá lọ. Kì í ṣe torí pé ó yára. Ẹ́ńjìnnì 1798 cc tí wọ́n gbé sínú rẹ̀ nígbà tó jáde ní 1962 kò ju agbára ẹṣin 95 lọ, àìmọye ọkọ̀ kéékèèké òde òní ló sì máa fi í sílẹ̀ lójú títì. Àìlágbára yẹn gan-an ni mo ṣe fẹ́ràn rẹ̀. Ọkọ̀ tí agbára rẹ̀ pọ̀ máa ń bo àṣìṣe awakọ̀ mọ́lẹ̀: ẹ gba kọ́nà bó ṣe wù yín, ẹ tẹ tọ́tù, ìyẹn pẹ́dà tó ń mú ọkọ̀ sáré, eré tó sọnù ti padà. Nínú MGB, eré tí ẹ bá gbé jáde nínú kọ́nà ni ẹ máa gbé rìn. Bí ojú ibi tí ẹ gbà kò bá dáa, ẹ ó jìyà rẹ̀ títí ọ̀nà gbọọrọ yóò fi tán.

Gbogbo awakọ̀ eré ló mọ ìpìlẹ̀ rẹ̀: ẹ bẹ̀rẹ̀ láti etí òde, ẹ lọ kan etí inú, ẹ tún jẹ́ kí ọkọ̀ ṣí lọ sí etí òde bó ṣe ń jáde. Ọkọ̀ tó bá rìn báyìí kò ní yí lójijì, táyà á sì lè gbé eré tó pọ̀ sí i láì yọ̀. Ibi tí àríyànjiyàn wà ni ojú ibi tó yẹ kí ẹ ti kan etí inú yẹn. Tèmi ni pé nínú MGB, ẹ jẹ́ kó pẹ́. Ẹ má tètè yí sítíárì. Dífù rẹ̀, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń pín agbára ẹ́ńjìnnì fún ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì, kò ní ohunkóhun tó ń dè é, nítorí náà bí ọkọ̀ bá fẹ̀gbẹ́ tì nínú kọ́nà, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn tó wà lápá inú á fúyẹ́, agbára ẹ́ńjìnnì á sá lọ síbẹ̀, táyà yẹn á kàn máa yí lásán. Ẹni tó tètè kan etí inú á tẹ tọ́tù nígbà tí sítíárì ṣì wé, ariwo táyà nìkan ló sì máa rí gbà. Ẹni tó ní sùúrù, ọkọ̀ rẹ̀ á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ nà tán kó tó tẹ̀ ẹ́, táyà ẹ̀yìn méjèèjì á sì jọ tì í.

Ẹ wo kọ́nà Lavant ní Goodwood, pápá eré tí wọ́n ṣí nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1948. Apá ọ̀tún ló yà sí, abala méjì ló ní, ọ̀nà gbọọrọ tó gùn jù ní pápá náà ló sì já sí. Abala àkọ́kọ́ máa ń tan èèyàn. Etí inú rẹ̀ wà nítòsí, ọwọ́ á máa yún yín láti lọ kàn án. Bí ẹ bá lọ, ọkọ̀ á ti máa gbé yín lọ sí koríko nígbà tí abala kejì bá dé, dandan sì ni kí ẹ gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí tọ́tù. Bí mo ṣe ń gbà á rèé: mo máa ń parí bíréèkì tó le nígbà tí ọkọ̀ ṣì nà, mo bọ́ sí jíà kẹta, mo jẹ́ kó rìn jìnnà sí etí inú láàárín abala méjèèjì. Ibẹ̀ ló ti le jù, torí ó máa ń ṣe èèyàn bíi pé òun ti lọ́ra jù. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Ibi tí kọ́nà ń parí sí ni kí ẹ ti máa wò. Mo wá yí sítíárì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, mo kan etí inú kejì, mo tẹ tọ́tù kanlẹ̀. Ẹ̀yìn ọkọ̀ á jókòó, sítíárì á fúyẹ́ lọ́wọ́, á máa nà fúnra rẹ̀, ohùn ẹ́ńjìnnì á sì máa gòkè láì já rárá. Inú mi máa ń dùn síbi yìí gan-an.

Kò sí ẹ̀rọ tó ń bá awakọ̀ yí sítíárì rẹ̀. Ó wúwo tí ẹ bá fẹ́ gúnlẹ̀, ṣùgbọ́n lórí eré, gbogbo ohun tí táyà iwájú ń ṣe ni ọwọ́ ń mọ̀. Táyà rẹ̀ tín-ín-rín, ó máa ń ké kó tó yọ̀, kì í dédé já èèyàn jù sílẹ̀.

Ẹ̀yìn ni àléébù rẹ̀ wà. Ọ̀pá irin kan ṣoṣo ló so ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì pọ̀, orí sípíríǹgì onípẹlẹbẹ ló sì jókòó lé. Bí ẹsẹ̀ kan bá gun gegele láàárín kọ́nà, gbogbo ẹ̀yìn á fò sẹ́gbẹ̀ẹ́. Nítorí náà, ibi tó tẹ́jú ni kí ẹ gbà, bí kò tiẹ̀ fẹ̀ tó bí ẹ ṣe fẹ́. Bíréèkì iwájú jẹ́ díísì, tẹ̀yìn jẹ́ dúróòmù; tí ẹ bá ń fi agídí tẹ̀ ẹ́ láìsinmi, pẹ́dà á bẹ̀rẹ̀ sí í rì. Jíà kìíní àwọn tí wọ́n ṣe ṣáájú ìparí 1967 máa ń han tí ẹ bá já a sí i nígbà tí ọkọ̀ ń rìn, àmọ́ ta ló ń lo jíà kìíní lórí pápá lẹ́yìn tó bá ti gbéra?

Èyí tí mi ò ní gba ẹnikẹ́ni níyànjú láti gbé wọ pápá ni ti ìparí 1974 síwájú, tó ní bọ́ńpà rọ́bà dúdú. Wọ́n gbé e ga sí i torí òfin Amẹ́ríkà, ó wá ń fẹ̀gbẹ́ tì jù. Ẹ wá èyí tó ní bọ́ńpà irin tó ń dán, ẹ yẹ abẹ́ ilẹ̀kùn rẹ̀ wò dáadáa fún ìpẹtà, kí ẹ sì pààrọ̀ epo bíréèkì rẹ̀ kó tó wọ pápá, torí èyí tó ti pẹ́ níbẹ̀ ti fa omi mu, ó sì máa hó bí bíréèkì bá ti gbóná.