Oṣù mẹ́ta tí mo fi kọ́ṣẹ́ sólà ní Ifẹ̀: ẹ̀kọ́ wọn dáa o, àmọ́ ẹ bèèrè ọ̀rọ̀ àkàbà kẹ́ ẹ tó sanwó

Látọjọ́ tí mo ti gbé fọ́tò sátífíkéètì mi sórí status WhatsApp ni ìbéèrè ò ti dáwọ́ dúró: ṣé ibẹ̀ dáa, èló ni, ṣé wọ́n máa ń wáṣẹ́ fúnyàn lóòótọ́, ṣé ọmọbìnrin lè ṣe é. Ọwọ́ ti ń ro mí lórí fóònù, torí náà gbogbo ẹ̀ rèé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Mi ò ní dárúkọ wọn, ẹ má bínú, èmi pẹ̀lú wọn ṣì jọ ń ṣe wọléwọ̀de, ẹ ó rí ìdí ẹ̀ tẹ́ ẹ bá kà á débẹ̀. Àárín ìlú Ifẹ̀ níbí ni wọ́n wà, kì í ṣe inú ọgbà yunifásítì. Iṣẹ́ sólà ni wọ́n ń kọ́ni fún oṣù mẹ́ta, wọ́n sì ṣèlérí pé àwọn á báni wáṣẹ́.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ bí mo ṣe débẹ̀. Físíìsì ni mo kà ní OAU. Mo ṣe àgùnbánirọ̀ tán, 77,000 tí ìjọba ń san lóṣooṣù dáwọ́ dúró, mo padà sílé màmá mi, ó di pé kí n máa wáṣẹ́ kiri. Ilé ìwé aládàáni kan ní Iléṣà ní àwọn á máa fún mi ní 35,000 kí n máa kọ́ Físíìsì, Mátíìsì àti Basic Science pọ̀, mo ṣírò owó mọ́tò Ifẹ̀ sí Iléṣà lójoojúmọ́, mo rí i pé èmi gan-an ni màá máa sanwó oṣù fún wọn. Mo wọ Jobberman, ìkànnì ìwáṣẹ́ orí íńtánẹ́ẹ̀tì táwọn ọmọ OAU mẹ́ta dá sílẹ̀ lọ́dún 2009 nígbà tí ASUU daṣẹ́ sílẹ̀ tí ọwọ́ wọn dilẹ̀ (orí wọn pé jàre), àmọ́ Èkó, Èkó, Èkó ṣáá ni gbogbo iṣẹ́ tí mo rí níbẹ̀, mi ò sì lẹ́ni tó máa gbà mí sílé l'Ékòó. Mo tún forúkọ sílẹ̀ fún 3MTT, èyí tí ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2023 pé àwọn fẹ́ kọ́ mílíọ̀nù mẹ́ta èèyàn níṣẹ́ tẹkinọ́lọ́jì, data analysis ni mo mú, ó dáa o, àmọ́ owó dátà tí mo fi ń wo fídíò ẹ̀ ti fẹ́ gba owó oúnjẹ lọ́wọ́ mi.

Sólà ló kàn. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé látìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ epo ní May 2023 ni títan jẹn ti di nǹkan ọlọ́rọ̀, nígbà tó di April 2024 wọ́n tún gbé iná Band A, ti àwọn tó ń ríná tó pọ̀ jù lóòjọ́, dé náírà 225 lórí yúníìtì kan, látìgbà náà ẹnikẹ́ni tówó díẹ̀ bá ti wà lọ́wọ́ ẹ̀, òrùlé ló ń wò. Mo wá rò ó pé èmi tí mo fi ọdún mẹ́rin kàwé nípa iná, ṣé màá wá jókòó sílé kí ẹni tí ò mọ ìyàtọ̀ láàárín volt àti amp máa gba owó yẹn lọ?

120,000 ni wọ́n gbà, ẹ lè san án lẹ́ẹ̀mejì. Monday sí Thursday ni kíláàsì, aago 10 sí aago 2, Friday àti Saturday ni sáìtì, ìyẹn ilé kọ́sítọ́mà tí wọ́n ti ń lọ gbé sólà. Àwa 14 la jọ bẹ̀rẹ̀, ọmọbìnrin 4. Ẹ̀kọ́ wọn, mi ò ní parọ́, ojúlówó ni. Ọ̀gá tó ń kọ́ wa ti ń gun òrùlé láti bí ọdún 15, kì í kàwé síni létí. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ó ní ká lọ sílé ká lọ kọ gbogbo nǹkan tó ń jẹ iná wá, ká wo ẹ̀yìn ẹ̀, ká kọ wáàtì ẹ̀ sílẹ̀. Mo fa fíríìjì kúrò lára ògiri, màmá mi ní ṣé mo fẹ́ lọ tà á ni. Fáànù méjì, wáàtì 70, wákàtí 8. Gílóòbù mẹ́fà, wáàtì 10, wákàtí 6. TV wáàtì 100, wákàtí 5. Fíríìjì wáàtì 150, àmọ́ ìyẹn máa ń sinmi, tẹ́ ẹ bá ro gbogbo ẹ̀ pọ̀ kì í ju bíi wákàtí 8 lọ lóòjọ́ tó fi ń fa iná. Àpapọ̀ ẹ̀ jẹ́ 3,180 watt-hour. Ọ̀gá ní ó dáa, ẹ wá ra bátìrì sí i. Bátìrì olómi, tubular, ẹ ò gbọdọ̀ lò ó kọjá ìdajì tẹ́ ẹ bá fẹ́ kó pẹ́ láyé, torí náà ẹ máa wá èyí tó tó nǹkan bí 6,400. Lithium lẹ lè lò dé ìdá 80 nínú 100, tiẹ̀ á fi dín kù sí 4,000. Tubular 220Ah mẹ́ta lè gbé 6,400 yẹn, àmọ́ tó bá jẹ́ ínfátà 24V lẹ ní (ẹ̀rọ tó ń sọ iná bátìrì di iná tí nǹkan ilé ń lò), méjì-méjì ni wọ́n ń so wọ́n torí 12V ni ìkọ̀ọ̀kan, ẹ máa ra mẹ́rin dandan. Ọ̀pọ̀ kọ́sítọ́mà ni ò mọ èyí, méjì ni wọ́n á rà, tó bá di ọdún tó ń bọ̀ wọ́n á máa ṣépè fún ẹni tó bá wọn ṣe é.

Nǹkan tó kọ́kọ́ bí mi nínú ni pé jẹn ni wọ́n fi ń tan iná kíláàsì. Ilé ẹ̀kọ́ sólà o! Wọ́n ní gbogbo bátìrì tá à ń wò yẹn, títà ni. Ilé ìtọ̀ kan ṣoṣo ló wà fún gbogbo wa, ilẹ̀kùn ẹ̀ ò ṣeé tì, àwa ọmọbìnrin là ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà fúnra wa bíi sójà. Mo sọ fún Ọ̀gá lẹ́ẹ̀mejì, nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta mo fowó ara mi ra ìkọ́, mo kàn án mọ́ ọn.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ àkàbà. Ọ̀sẹ̀ karùn-ún ni sáìtì bẹ̀rẹ̀. Wọ́n lẹ orúkọ mọ́ ògiri, mo wá tèmi títí mi ò rí i, kò sí ọmọbìnrin kankan níbẹ̀. Mo lọ bá Ọ̀gá. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ẹ̀yin ọmọbìnrin, ẹ bá mi jókòó ti ọ́fíìsì, ohùn yín tutù, ẹ̀yin lẹ mọ bí wọ́n ṣe ń bá kọ́sítọ́mà sọ̀rọ̀. Tẹ́ ẹ bá já bọ́ látorí òrùlé, kí ni màá sọ fún bàbá yín?” Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé àwọn bọ̀dá yìí ò ní bàbá ni?” Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín, Ọ̀gá náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ orúkọ wa ò gorí ògiri.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ó gba ibòmíì yọ, ó ní òfin ìjọba gan-an ò fẹ́ kóbìnrin ṣe irú iṣẹ́ báyìí. Mo lọ wò ó. Ó jọ òótọ́ díẹ̀ o. Labour Act wa, abala 55, ní kí wọ́n má gba obìnrin síṣẹ́ alẹ́ ní ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ àti oko, ó wá yọ àwọn nọ́ọ̀sì sílẹ̀, ó tún yọ àwọn obìnrin tó wà nípò ọ̀gá tí kì í fọwọ́ ara wọn ṣiṣẹ́ agbára sílẹ̀. Abala 56 náà ní kóbìnrin má ṣiṣẹ́ lábẹ́ ilẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń wa kùsà. Ọ̀kan nínú àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ọmọ Iléṣà, Jíọ́lọ́jì ló kà, òun ló mọ 56 yẹn sórí bí orin, torí wúrà ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà lojú ẹ̀ wà kó tó wá bá wa nídìí sólà. Àmọ́ kí ló kan òrùlé nínú ẹ̀? Òrùlé kì í ṣe abẹ́ ilẹ̀, wọn kì í sì í fòru gbé pánẹ́lì, oòrùn là ń wá kiri! Mo fi han Ọ̀gá lórí fóònù mi, ó ní òun á kà á. Ó ṣì ń kà á títí di bí mo ṣe ń kọ èyí.

Mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ rò pé èèyàn burúkú ni. Àwọn kọ́sítọ́mà náà ń dá kún un. Lọ́jọ́ kan mo tẹ̀ lé àwọn bọ̀dá lọ sí Modákẹ́kẹ́ láti lọ gba ìyókù owó, mo bá wọn gbé àpótí irinṣẹ́ sọ̀ nínú mọ́tò, ni bàbá onílé bá wò mí, wọ́n ní, “Ìwọ ọmọ yìí, obìnrin kì í gun ọ̀pẹ, òrùlé tèmi wá lo fẹ́ gùn?” Mo kúnlẹ̀ kí wọn, mo ní, “Bàbá, páànù ni o, kì í ṣe ọ̀pẹ.” Wọ́n rẹ́rìn-ín títí, wọ́n fún mi lọ́sàn, àmọ́ wọn ò gbà. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlú tí wọ́n ti gbé ère Mọremí ga ní ẹsẹ̀ bàtà 42! Ó jọ pé obìnrin lè ga ní Ifẹ̀, tó bá ṣáà ti jẹ́ ère.

Inú iṣẹ́ ọ́fíìsì tí wọ́n há wa mọ́ yẹn náà lọ̀rọ̀ ti wá yí díẹ̀. Èmi ni mò ń kọ risíìtì, gbogbo nọ́ńbà tó wà lára páálí, èmi ni mò ń dà á kọ. Saturday kan wọ́n ń gbé pánẹ́lì 550 wáàtì mẹ́ta lọ sílé kan ní Parakin, mo kọ ọ́ pé Voc ìkọ̀ọ̀kan (volt tó ń mú jáde nígbà tí wọn ò tíì so nǹkan kan mọ́ ọn) jẹ́ 49.8, mo tún kọ ọ́ pé charge controller (ẹ̀rọ tó ń darí iná látinú pánẹ́lì lọ sí bátìrì) tí wọ́n ń gbé lọ ò lè gbà ju 145 volt lọ. Wọ́n ti lọ tipẹ́ kó tó sọ sí mi lọ́kàn. 49.8 lọ́nà 3, 149.4. Tẹ́ ẹ bá so mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tẹ̀ léra, ńṣe ni volt wọn ń ro pọ̀ mọ́ra, tó bá tún wá di òwúrọ̀ ọyẹ́ tí gbogbo nǹkan tutù, ó tún máa lọ sókè sí i, controller yẹn máa jó ni. Mo pe bọ̀dá tó wà lórí òrùlé, ó ní òun ti so ó tán, ó kù kóun tan án. Mo ní ẹ má tan án o, ẹ pe Ọ̀gá. Ó pe Ọ̀gá, Ọ̀gá ní kó tú u kó so wọ́n ní parallel, ẹ̀gbẹ́ sí ẹ̀gbẹ́, kí volt wọn má bàa ro pọ̀. Nígbà tó di Monday, Ọ̀gá wá ń yin bọ̀dá náà lójú gbogbo kíláàsì pé ó ní làákàyè, ó mọ ìgbà tó yẹ kéèyàn dúró bèèrè. Ẹ bá mi wò ó! Bọ̀dá náà ló dìde fúnra ẹ̀ tó ní kì í ṣòun, ọmọ ọ́fíìsì ló pe òun. Ọlọ́run á bù kún un. “Ọmọ ọ́fíìsì” ṣá ló pè mí, kò mọ orúkọ mi.

Ó yá, iṣẹ́ tí wọ́n ṣèlérí, torí òun lẹ̀ ń bèèrè jù. Wọ́n ń wá a fúnyàn lóòótọ́. Nínú àwọn ọkùnrin 10, wọ́n mú 3 sọ́dọ̀ ara wọn, wọ́n fi 2 ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ Ọ̀gá ní Àkúrẹ́. Nínú àwa 4, èmi nìkan ni wọ́n pè, iṣẹ́ ọ́fíìsì, 60,000 lóṣù. Àwọn bọ̀dá yẹn, 15,000 ni wọ́n ń gbà lórí sáìtì kọ̀ọ̀kan, tí oṣù bá dáa wọ́n á ṣe tó 8, ìyẹn ti di 120,000. Mo ní sà, kí ló dé? Ọ̀gá ní iṣẹ́ yín ò dọ́gba. Òótọ́ ló sọ, ohun tó sì ń dùn mí níbẹ̀ gan-an nìyẹn. Ìwé òfin 1999 ilẹ̀ wa, abala 17, ní kí owó iṣẹ́ kan náà dọ́gba láìwo ti akọ tàbí abo, àmọ́ báwo niṣẹ́ ṣe fẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà nígbà tí wọn ò jẹ́ kí n gun àkàbà láti ọ̀sẹ̀ karùn-ún? Ibi àkàbà ni wọ́n ti gé owó mi, kì í ṣọjọ́ tí wọ́n ń sanwó oṣù. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń lọ sí láàbù, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń lọ sí ilé iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, ẹ yé kọ́kọ́ máa bèèrè owó oṣù, ẹ bèèrè ẹni tí wọ́n ń rán lọ síbi tówó wà. Ẹnì kan ní kí n fẹjọ́ sùn nítorí 70,000 tó jẹ́ owó oṣù tó kéré jù látọdún 2024. Òfin yẹn yọ ilé iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ ẹ̀ ò tó 25 sílẹ̀, àwọn tiwa ò sì ju 9 lọ.

Ẹgbẹ́ àwọn ẹnjiníà ilẹ̀ wa, NSE, 1958 ni wọ́n dá a sílẹ̀, 2024 ni obìnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe ààrẹ wọn, Margaret Oguntala. Ọdún 66. Mo sọ ọ́ ní kíláàsì, bọ̀dá kan ní ṣé ẹ rí i pé ó ti ṣeé ṣe báyìí. Mo ní bọ̀dá, ẹ máa fún mi ní ọdún 66 náà ni? Owó mọ́tò ni mò ń wá.

Mo gba 60,000 náà ṣá, ó sàn ju òfo lọ. Kò pẹ́ sígbà náà ni àǹtí kan tó ń dá gbé lójú ọ̀nà Oǹdó pe ọ́fíìsì. Wọ́n ní àwọn fẹ́ sólà, àmọ́ inú yàrá àwọn ni ínfátà máa wà, àwọn ò sì fẹ́ kí ọkùnrin mẹ́ta táwọn ò mọ̀ rí máa wọlé máa jáde nínú yàrá àwọn, ṣé a ní obìnrin tó ń ṣe é? Mo ní a ní, mà. Mi ò bi ẹnikẹ́ni. Nígbà tí mo sọ fún Ọ̀gá, ó wò mí, ó wo owó tí àǹtí náà ti san, ó ní kí n lọ mú àkàbà. Èmi àti ọmọ Iléṣà la lọ, a kan irin mọ́ òrùlé, a gbé pánẹ́lì mẹ́rin, a fa wáyà wọlé, bọ̀dá méjì bá wa gbé bátìrì dé ẹnu ọ̀nà. Kò sẹ́ni tó já bọ́. Nígbà tí wọ́n fẹ́ sanwó, 12,000 ni wọ́n fún mi, wọ́n ní torí àwọn bọ̀dá ló bá yín gbé bátìrì. Bátìrì olómi kan fẹ́ẹ̀ẹ́ tó 60 kílò, èèyàn méjì ló ń gbé e kódà tó bá jẹ́ ọkùnrin ni wọ́n, mi ò sì rí ọjọ́ tí wọ́n yọ owó ọkùnrin kankan nítorí ẹ̀.

Máàkì tèmi: ẹ̀kọ́, 9 nínú 10. Irinṣẹ́, 8. Ilé ìtọ̀, 1, ìkọ́ tí mo kàn ló gba 1 yẹn. Ìlérí iṣẹ́, 7 tẹ́ ẹ bá jẹ́ ọkùnrin, 3 tẹ́ ẹ bá jẹ́ obìnrin. Ẹ̀yin ọmọbìnrin tẹ́ ẹ fẹ́ lọ, ẹ lọ o, mi ò ní kẹ́ ẹ má lọ, àmọ́ kẹ́ ẹ tó san 60,000 àkọ́kọ́, ẹ ní kí wọ́n kọ iye sáìtì tẹ́ ẹ máa gùn sílẹ̀ kí wọ́n sì fọwọ́ sí i, ẹ wọ ṣòkòtò, ẹ gbé helmet tiyín dání torí ẹyọ kan ló wà níbẹ̀ tí ó sì ń rùn.

Sáìtì méjì ni mo ti ṣe báyìí ní 12,000, ó ku 6,000 mi lọ́wọ́ wọn. Èmi náà ni mò ń kọ ìwé owó wọn, mo ti kọ ọ́ sábẹ́ gbèsè.