Ẹ̀kọ́ ìrọ̀lẹ́ kan ní Kétu, níbi tí ọmọ mi ti mọ bí a ṣe ń mú ìdá fúyẹ́

Oṣù mẹ́ta ni ọmọ mi obìnrin, tí ó wà ní CM2, kíláàsì tó kẹ́yìn ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ níhìn-ín ní Benin, tí ó sì ń múra ìdánwò CEP, ìdánwò ìwé ẹ̀rí alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, sílẹ̀, fi lọ sí ẹ̀kọ́ ìrọ̀lẹ́ tí olùkọ́ àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì ń ṣe ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé rẹ̀, lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, ní 2000 fráǹkì lóṣù. Ìṣirò ìdá ni ó gbé wa débẹ̀. Ọmọ náà mọ bí a ṣe ń pín nọ́ńbà òkè àti nọ́ńbà ìsàlẹ̀ sí méjì, ṣùgbọ́n kò gbà pé 6/8 àti 3/4 jẹ́ ohun kan náà, nítorí ó rò pé ohun tí a bá ti dín kù gbọ́dọ̀ kéré sí i.

Orí ọ̀rọ̀ “dín kù” yìí gan-an ni bàbá náà ti bẹ̀rẹ̀. Ó ní kí àwọn ọmọ fi í sílẹ̀, kí wọ́n máa sọ pé àwọn ń mú ìdá fúyẹ́. Ó ká ìwé pẹlẹbẹ kan sí mẹ́rin, ó fi ẹfun kun mẹ́ta nínú rẹ̀, ó tún ìwé náà ká kí ọ̀kọ̀ọ̀kan lè di méjì, ó sì tú u sílẹ̀ kí wọ́n kà á: mẹ́fà nínú mẹ́jọ. “Ṣé mo fi ẹfun kún un ni?” “Rárá, bàbá.”

Ohun tí mo fẹ́ràn jù ni bí ó ṣe ń lo orúkọ nọ́ńbà ní èdè wa. Ó kọ 60/80, àwọn ọmọ sì kà á ní èdè Faransé bí wọ́n ṣe ń kà á nílé ìwé, soixante lórí quatre-vingts. Ó ní kí wọ́n fi Yorùbá pè é. Ọgọ́ta, ogún mẹ́ta ni. Ọgọ́rin, ogún mẹ́rin ni. Bí a bá fi ogún pín òkè àti ìsàlẹ̀, 3/4 ló kù. Bẹ́ẹ̀ náà ni ogóje nínú ọgọ́sàn-án (140/180) ṣe di 7/9. Ọgọ́fà nínú ọgọ́jọ (120/160) fún wọn ní 6/8, ó sì bi wọ́n bóyá ó ti tán, títí tí ẹnì kan fi rí i pé méjì ṣì lè pín méjèèjì, tí ó sì di 3/4.

Lẹ́yìn èyí ni ó kọ 50/70. Ọmọ mi ló yára dáhùn pé 3/4 ni, nítorí ó gbọ́ “ta” nínú àádọ́ta àti “rin” nínú àádọ́rin. Bàbá náà kò bínú. Ó ṣàlàyé pé àádọ́ta jẹ́ ọgọ́ta tí a yọ mẹ́wàá kúrò nínú rẹ̀, àti pé yíyọ nọ́ńbà kan náà lókè àti nísàlẹ̀ máa ń yí ìdá padà, nígbà tí pípín wọn sí iye kan náà kì í yí i padà. Ó wá kọ́ wọn láti máa yọ kékeré kúrò nínú ńlá, kí wọ́n lè rí nọ́ńbà tó tóbi jù tí ó lè pín méjèèjì: 70 dín 50 jẹ́ 20, 50 dín 20 jẹ́ 30, 30 dín 20 jẹ́ 10, 20 dín 10 jẹ́ 10. Mẹ́wàá ni, nítorí náà 5/7 ni ìdáhùn. Ọ̀nà tí Euclid, ará Gíríìkì, ti kọ sílẹ̀ ní nǹkan bí 300 ọdún ṣáájú ìbí Jésù nìyẹn, n kò sì tíì rí èyí tó yé ọmọdé kíákíá tó o.

Àléébù wà níbẹ̀. Àwọn ọmọ pọ̀ ju bẹ́ǹṣì lọ, pátákó ìkọ̀wé kan ṣoṣo ló wà, bí iná bá sì lọ, ẹ̀kọ́ á dúró. Ó dùn mí jù pé àwọn ọmọ tí kò mọ òǹkà Yorùbá kọjá ogún máa ń jókòó láìgbọ́ ohun tí à ń sọ. Ì bá dára kí bàbá náà ya ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ sọ́tọ̀ fún òǹkà nìkan. Ẹni tí ó bá fẹ́ mú ọmọ lọ, kí ó kọ́kọ́ kọ́ ọ ní ogójì, ọgọ́ta, ọgọ́rin àti ọgọ́rùn-ún nílé. Mo ti forúkọ àbúrò rẹ̀ ọkùnrin sílẹ̀ fún ọdún tó ń bọ̀.